Ọjọ́ Mẹ́wàá Pẹ̀lú Àwọn Ajá Tí Kì Í Gbó

Inú àgò adìẹ ni mo ti kọ́kọ́ rí àwọn ajá méjèèjì. Àbúrò ìyá mi àgbà, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ẹja pípa, ló gbé àgò náà dé láàárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn ìjì. Omi ń kán lára rẹ̀. Ó gbé e kalẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Ọ̀jọ́, mo sì rò pé ẹja ló wà nínú rẹ̀. Mo lóṣòó tì í, mo fi ojú sí àárín àwọn ọ̀pá rẹ̀. Ojú mẹ́rin ń wò mí láti inú òkùnkùn ibẹ̀. Wọn kò ṣẹ́jú, wọn kò sì pariwo. Mo ṣubú sẹ́yìn.

“Ìyàwó mi, má sá,” ni bàbá náà wí. Bẹ́ẹ̀ ló máa ń pè mí, bí àwọn àgbà ọkùnrin ṣe ń bá ọmọ-ọmọ wọn obìnrin ṣàwàdà. “Ajá lásán ni wọ́n. Omi ló fẹ́ gbé wọn lọ.”

Ìyá àgbà jáde láti ibi ààrò tí ó ti ń yan ẹja. “Ajá? Ẹja ni mo rán ọ lọ kó lódò, o kó ajá wá fún mi. Ṣé kí n yan àwọn náà ni?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹran tí Ọlọ́run yọ nínú omi, èmi kọ́ ni n ó dá a padà síbẹ̀.”

Ó wá sọ bí ó ṣe rí wọn. Ọkọ̀ ojú omi kan tó kó ẹrù, tó ń ti ọ̀nà Àgbádárìgì bọ̀ ló dojú dé ní ọ̀sán àná nígbà tí ìjì ń jà. Wọ́n yọ gbogbo èrò inú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò kú, ṣùgbọ́n ẹrù fọ́n ká orí ọ̀sà. Àgò yìí há sáàárín gbòǹgbò igi létí omi. Àwọn ajá náà ti fi ẹsẹ̀ iwájú rọ̀ mọ́ ọ̀pá òkè rẹ̀, imú wọn nìkan ló yọ sókè omi. Bàbá náà kò mọ bí ó ti pẹ́ tó tí wọ́n ti wà bẹ́ẹ̀.

Ọ̀jọ́ tí mò ń sọ yìí kì í ṣe ti òde òní. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn 1950 ni. Kò tíì sí bárékè ológun níbẹ̀, ibi tí wọ́n sì ń ta tẹlifíṣọ̀n ní Àlàbá lónìí, oko àti igbó ni. Àwọn òbí mi wà ní Èkó, níbi tí bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́ káfíńtà. Wọ́n fi mí sọ́dọ̀ ìyá tó bí ìyá mi kí n lè lọ sílé ìwé láti ibẹ̀. Mo tó ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ìyá àgbà ń kírun, àbúrò rẹ̀ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó wọ́pọ̀ nínú ìdílé ní Ọ̀jọ́, kò sì dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn rí, àfi lórí ọ̀rọ̀ ajá yìí.

Nígbà tí ó ṣí àgò náà, àwọn ajá náà jáde, wọ́n gbọn omi dànù, wọ́n dúró ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Wọ́n kéré, wọn kò ga ju orúnkún àgbàlagbà lọ, abo sì ni àwọn méjèèjì. Àwọ̀ wọn pọ́n bí erùpẹ̀ ọ̀nà Ìbà, àyà wọn funfun, ẹsẹ̀ wọn sì funfun bí ẹni tó wọ ìbọ̀sẹ̀. Etí wọn dúró ṣánṣán. Ìrù wọn ká lé wọn nídìí bí òṣùká. Iwájú orí wọn hunjọ bí ti àgbàlagbà tí ọ̀rọ̀ kan kò dùn mọ́ nínú. Àwọn adìẹ sá lọ, ewúrẹ́ aládùúgbò sá lọ, ṣùgbọ́n àwọn ajá náà kò gbó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

“Ṣé odi ni wọ́n ni?” ni Ìyá àgbà bèèrè.

“Àárẹ̀ ló mú wọn.”

Ó so wọ́n mọ́ igi àgbọn lẹ́yìn ilé. Ó ní òun yóò wádìí ẹni tó ni wọ́n, kí n má sì fọwọ́ kàn wọ́n títí ara wọn yóò fi balẹ̀. Kò pọn dandan kí ó sọ ọ́ fún mi rárá, nítorí ẹ̀rù ajá ti ń bà mí tẹ́lẹ̀. Ajá kan ti lé mi rí láti ilé ìwé títí dé ẹnu ọ̀nà wa, mo sì pàdánù sílétì mi sọ́nà. Ṣùgbọ́n ajá tí kì í gbó jẹ́ ohun tuntun sí mi. Mo rò pé èyí tí kò bá gbó kò lè bu ènìyàn jẹ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo ti ilé ìwé dé, kò sí ẹnikẹ́ni nílé. Àwọn ajá náà ń wò mí. Egungun ìhà wọn yọ síta, mo lè kà á. Àánú wọn ṣe mí, mo mú ẹja yíyan kan lórí àtẹ Ìyá àgbà, mo sì jù ú sí wọn. Ọ̀kan nínú wọn tètè mú un. Bí ó ti ń jẹ ẹ́ ni mo gbọ́ ohùn Ìyá àgbà níwájú ilé, tó ń kí ẹnì kan. Ìyá àgbà mọ ẹja rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo na ọwọ́, mo fẹ́ gba ẹja náà padà lẹ́nu ajá kí n dá a padà sórí àtẹ.

Ó bù mí jẹ ní ọrùn ọwọ́. Kò pariwo kí ó tó ṣe é, kò sì pariwo lẹ́yìn rẹ̀. Ó padà sídìí ẹja rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé e, ó sì ń wò mí. Mo rí i pé etí rẹ̀ ọ̀tún ya díẹ̀ ní ṣóńṣó, bí ewé tí kòkòrò jẹ. Èmi ni mo figbe ta.

Kí Ìyá àgbà tó dé ẹ̀yìnkùlé, ajá náà ti jẹ ẹja tán, ti orí ti egungun. Ìyá àgbà rí ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ mi. “Kí lo ṣe fún un?”

“N kò ṣe nǹkan kan fún un,” ni mo wí. “Ó kàn fò mọ́ mi ni.”

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé pé kò sí irọ́ kékeré. Kì í ṣe inú ìwé ni mo ti rí ẹ̀kọ́ náà.

Ìyá àgbà kò bá mi wí. Ó fà mí lọ sídìí ìkòkò omi, ó fi ọṣẹ dúdú fọ ojú ọgbẹ́ náà, ó da omi púpọ̀ sí i, ó tún bẹ̀rẹ̀, ó ń kà á títí ó fi pé ìgbà méje. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni ẹ̀sìn rẹ̀, pé itọ́ ajá kò mọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ẹni tó bá ń ka èyí: ọṣẹ àti omi púpọ̀, kíákíá, lẹ́yìn náà ilé ìwòsàn. Nínú gbogbo ohun tí ilé wa ṣe ní ọjọ́ mẹ́wàá tó tẹ̀ lé e, fífọ̀ yẹn ni mo lè fún ní máàkì tó pé.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn obìnrin àdúgbò ti wá wò mí, mo sì ti gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu wọn tí wọ́n ń sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́: dìgbòlugi. Gbogbo wa mọ àmì mẹ́ta tí wọ́n fi ń dá ajá tó ní àìsàn náà mọ̀. Ó máa ń bu ènìyàn jẹ láìnídìí. Ohùn rẹ̀ máa ń sọnù. Ó sì máa ń bẹ̀rù omi. Ẹni tí ó bá bù jẹ, òun náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù omi, yóò máa gbó bí ajá, yóò sì kú. Àmì kejì ti wà lára àwọn ajá wa láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé. Irọ́ mi ló fún wọn ní èkíní. Ẹyọ kan ṣoṣo ló kù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé èyí tí ajá bù mí jẹ, wolé-wolé gun kẹ̀kẹ́ dé láti yẹ ìkòkò omi wò. Kó tó fi kẹ̀kẹ́ ti ògiri, Ìyá àgbà ti ń wí pé, “Ẹ wo inú ìkòkò náà, kò sí tanwíjí kankan níbẹ̀.”

“Ìyá, ẹ jẹ́ kí n kí yín ná.”

Ó rí aṣọ tí wọ́n fi di ọwọ́ mi, ó bèèrè, wọ́n sì ròyìn fún un. Ó lọ sẹ́yìn ilé lọ wo àwọn ajá náà, ṣùgbọ́n ó ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ síbẹ̀, ó sì fi í sáàárín ara rẹ̀ àti wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i pé ẹ̀rù lè ba wolé-wolé.

“Ẹ má pa á o,” ló wí. “Ẹ so ó mọ́lẹ̀, ẹ fún un lóúnjẹ àti omi, kí ẹ máa wò ó fún ọjọ́ mẹ́wàá. Bí àìsàn yẹn bá wà nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó bù ú jẹ, ajá náà kò ní pé ọjọ́ mẹ́wàá láyé. Bó bá kú, tàbí ìwà rẹ̀ yí padà, ẹ gbé ọmọ yìí lọ sí Èkó lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́.”

“Níbo ni wọ́n ń gún un sí?” ni mo bèèrè. Kò yẹ kí n dá sí ọ̀rọ̀ àgbà, ṣùgbọ́n ara mi ni wọ́n ń sọ.

“Ikùn,” ló wí. “Lójoojúmọ́, títí wọn yóò fi ní ó tó.”

Ìyá àgbà ní, “Bí a bá kúkú pa ajá náà lónìí ńkọ́, kí ọkàn wa balẹ̀?”

“Bí ẹ bá pa á, ta ni yóò wá sọ fún wa bóyá ara rẹ̀ le?”

Mo gbọ́dọ̀ tún èyí ṣe kí ẹnikẹ́ni má baà fara wé wa: dókítà òde òní kì í sọ pé kí ẹni tí ajá bù jẹ jókòó sílé ka ọjọ́, abẹ́rẹ́ náà kì í sì í ṣe ti ikùn mọ́. Ṣùgbọ́n bí ó ti sọ ọ́ fún wa nígbà náà nìyẹn. Láti àárọ̀ ọjọ́ náà, bí ajá elétí yíya náà bá yè, mo yè. Bó bá kú, n kò fẹ́ rò ó.

Ní ọjọ́ kẹta tí ajá ti bù mí jẹ ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi àgbà dé. Ìyá Ìbà ni à ń pè é, nítorí Ìbà ló fẹ́ ọkọ sí. Ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lọ́jà. Ó rin ọ̀nà náà wá pẹ̀lú agbọ̀n gààrí lórí, kò sì tíì sọ agbọ̀n náà kalẹ̀ tó fi bẹ̀rẹ̀.

“Wolé-wolé tó ń wá tanwíjí kiri inú ìkòkò, òun ló wá kọ́ yín ní ọ̀rọ̀ ajá? Ẹ̀dọ̀ ajá tó bu ènìyàn jẹ ni oògùn rẹ̀. Kí a pa á, kí a sun ẹ̀dọ̀ rẹ̀, kí ọmọ jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí oòrùn ọjọ́ keje tó wọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kì í jẹ́ mọ́.”

Kì í ṣe oògùn. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé ìwé mi, àwọn mìíràn sì lọ bi ìyá wọn, wọ́n padà wá bá mi jiyàn. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ ló mú Ìyá Ìbà rìn láti Ìbà nínú oòrùn, mo sì fẹ́ kí ẹ rí i bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ kí n yè ni.

Gbogbo wa lọ sídìí igi àgbọn. Àwọn ajá náà dúró ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọ́n hun iwájú orí, wọ́n ń wò wá bí ìgbìmọ̀.

“Èwo ni?” ni Ìyá Ìbà bi mí.

Mo wo etí tó ya náà. “N kò mọ̀.”

“O kò mọ ẹni tó bù ọ́ jẹ?”

“Wọ́n jọra.”

Bàbá apẹja rẹ́rìn-ín. “Kò purọ́. Èmi tí mo yọ wọ́n nínú omi, n kò mọ̀ wọ́n yàtọ̀.”

“Ìwọ, ìgbà wo lo mọ nǹkan kan yàtọ̀ sí èkejì?” ni Ìyá Ìbà dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n ó gbà pé ẹ̀dọ̀ ajá tí kò bù mí jẹ kò ní ṣe nǹkan kan fún mi. Ó ní òun yóò dúró. Ó ní kí ọjọ́ keje tó dé, n ó rántí.

Kì í ṣe ọgbọ́n ló mú mi dákẹ́. Ẹ̀rù ẹ̀dọ̀ náà bà mí. Ẹ̀rù ohun tí wolé-wolé sọ bà mí, pé bí wọ́n bá pa ajá, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ bóyá èmi náà ń kú lọ. Bí mo bá sì tọ́ka sí èyí tó bù mí jẹ, wọn yóò bèèrè bí ó ṣe ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹja náà á jáde. Mo ní ẹ̀rù mẹ́ta lọ́wọ́, ìdákẹ́ nìkan ló sì bò wọ́n mọ́lẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ajá. Kí n tó lọ sílé ìwé, mo máa jókòó sórí òkúta kan níbi tí okùn wọn kò lè dé. Bí mo bá ti dé lọ́sàn-án, mo tún padà síbẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà máa ń ríran dáadáa. Mo rí i pé wọ́n máa ń lá ẹsẹ̀ wọn, wọ́n á fi nu ojú, bí ológbò gẹ́lẹ́. Mo rí i pé ara wọn kì í rùn bí ti ajá. Bí mo bá pè wọ́n, wọn kì í wá, wọ́n á kọ́kọ́ wo ara wọn. Bí adìẹ bá kọjá, gbogbo ara wọn á le, ìrù wọn á tú díẹ̀, síbẹ̀ wọn kò ní gbin. Ní ọjọ́ kẹrin, wọ́n tú kókó okùn náà fúnra wọn. A bá wọn lórí òrùlé ilé ìdáná, wọ́n ń yá oòrùn. Ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ibẹ̀, ẹnikẹ́ni kò rí i. Bàbá apẹja gun àkàbà lọ gbé wọn, ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi ń sunkún nísàlẹ̀, nítorí bí èyí tí etí rẹ̀ ya bá ṣubú kú, ó ti parí fún mi.

Mo ń ṣọ́ ara mi náà. Láràárọ̀, mo máa bu omi sínú ife, n ó sì gbé e mì díẹ̀díẹ̀, kí n mọ̀ bóyá ọ̀nà ọ̀fun mi ṣì ṣí. Bí omi bá pá mi lórí, ara mi á tutù. Nílé ìwé, bí mo bá fẹ́ wúkọ́, mo máa fi ọwọ́ bo ẹnu, torí ẹ̀rù ń bà mí pé gbígbó ni yóò jáde.

Ọjọ́ keje bọ́ sí ọjọ́ tí kò sí ilé ìwé. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Ìyá Ìbà bu igbá omi kan. Ó ní àmì kan ló kù tí òun fẹ́ wò. Ó lọ sídìí igi àgbọn, ó sì da omi náà sí àwọn ajá méjèèjì lára.

Wọ́n fò títí okùn fi fà wọ́n padà. Wọ́n bú sígbe. Títí di òní, n kò mọ bí mo ṣe lè kọ igbe náà sílẹ̀. Kì í ṣe gbígbó. Ó gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún gòkè, bí ọmọ tí wọ́n ń nà tó sì tún fẹ́ kọrin pọ̀ mọ́ ọn. Àwọn aládùúgbò sáré jáde.

“Ẹ ti rí i,” ni Ìyá Ìbà wí. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, ó dà bí ẹni tí ìbànújẹ́ bá. “Wọ́n ń bẹ̀rù omi, àwọn méjèèjì. Kò sí pé èwo ni mọ́. A ó pa méjèèjì. Ẹ̀dọ̀ tó bá jẹ́ ti ẹni tó bù ú jẹ yóò wà nínú rẹ̀.”

Bàbá apẹja dìde. “Ẹ dúró fún mi. Ọdẹ kan wà ní Òkokomaikò, Ègùn ni. Mo ti rí irú ajá yìí lẹ́yìn rẹ̀ rí. Mo ti ránṣẹ́ sí i, wọ́n ní ó wà nígbó. Ẹ jẹ́ kí n fúnra mi lọ wò ó.”

“Bí oòrùn bá wọ̀, oògùn ti bàjẹ́.”

“Oòrùn kò tíì wọ̀, ẹ̀gbọ́n mi.” Ó yá kẹ̀kẹ́ aládùúgbò, ó sì lọ.

Ìyá Ìbà mú àdá, ó jókòó ti òkúta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ọn. Kò yára rárá. Ó ń pọ́n ọn bí ẹni tó fẹ́ gé ìlá. Mo wo òjìji igi àgbọn, ó ti ń gùn. Mo wo àwọn ajá náà, wọ́n ti ń lá ara wọn gbẹ, èkejì ń bá elétí yíya lá ẹ̀yìn rẹ̀. Mo lọ bá Ìyá àgbà níbi ààrò.

“Ìyá, mo mọ èyí tó bù mí jẹ.”

Ìró òkúta dúró.

“Ẹja yín ni mo fún un. Nígbà tí mo gbọ́ ohùn yín, mo fẹ́ gbà á padà lẹ́nu rẹ̀.”

Ìyá àgbà kọjú sí mi. “O fẹ́ gba ẹja lẹ́nu ajá tí ebi ń pa?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá.”

“Èmi náà ìbá bù ọ́ jẹ.”

“Ìyẹn kò sọ pé ara rẹ̀ dá,” ni Ìyá Ìbà wí. “Èwo ni, ọmọ? Sọ ọ́, kí a lè dá ọ̀kan sí.”

Mo rọ̀ mọ́ aṣọ Ìyá àgbà. Ìyá àgbà fi ọwọ́ kàn mí léjìká. “Ẹ fi í sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ajá náà ní ìdí tó fi bù ú jẹ. Àmì mẹ́ta ti di méjì. Ẹ jẹ́ ká dúró de ẹni tó lọ pe ọdẹ.”

Ìyá Ìbà padà sídìí òkúta rẹ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n àdá, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò lágbára tó ti tẹ́lẹ̀.

Oòrùn ti pọ́n lórí ọ̀sà nígbà tí wọ́n dé. Ọdẹ náà jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń sọ Yorùbá pẹ̀lú ohùn Ègùn. Kò lọ tààrà sọ́dọ̀ àwọn ajá. Ó lóṣòó sí ìtòsí wọn, ó kọjú sí ibòmíràn, òun àti Ìyá àgbà ń kí ara wọn. Àwọn ajá náà na ọrùn, wọ́n gbóòórùn ẹ̀yìn rẹ̀. Ó jẹ́ kí wọ́n gbóòórùn rẹ̀ tán.

“Ta ló ní kí wọ́n gbó?” ló wí. “Ìyá wọn kò gbó, ìyá ìyá wọn kò gbó. Bí mo bá ń mú tèmi wọgbó, agogo onígi ni mò ń so mọ́ ọn lọ́rùn, kí n lè mọ ibi tó wà. Igbe tí ẹ gbọ́ yẹn, ohùn wọn nìyẹn. Bí inú wọn dùn, bí ẹ̀rù bà wọ́n, òun náà ni.”

“Omi ńkọ́?” ni Ìyá Ìbà bèèrè. “Mo da omi sí wọn lára, wọ́n fẹ́ já okùn.”

“Ìyá, bí èmi bá da omi sí yín lára láìsọ fún yín ńkọ́?”

Àwọn aládùúgbò rẹ́rìn-ín. Ìyá Ìbà kò rẹ́rìn-ín.

“Ẹ má bínú,” ni ọdẹ náà wí. “Bí ológbò ni wọ́n rí. Ìrì àárọ̀ lásán, wọ́n á fò ó kọjá. Ẹ tún wá wò ó pé inú omi ni wọ́n ti fẹ́ kú. Ajá yín, ẹ pè é, yóò wá. Àwọn yìí, ẹ pè wọ́n, wọ́n á lọ rò ó wò. Wọn kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù omi ti dìgbòlugi yàtọ̀. Ọ̀fun ló wà, kì í ṣe awọ ara. Ẹ gbé omi mímu wá.”

Wọ́n gbé abọ́ omi kan síwájú wọn. Àwọn ajá náà wo abọ́, wọ́n wò wá. Èyí tí etí rẹ̀ ya fi imú kan omi, ó sì fà sẹ́yìn. Kò mu ún. Mo gbọ́ tí ẹnì kan lẹ́yìn mi fa èémí. Ìyá Ìbà wo oòrùn. Ọ̀fun tèmi gan-an gbẹ, mo gbìyànjú láti gbé itọ́ mì, kò lọ.

“Ẹ pọ̀ jù,” ni ọdẹ náà wí. “Ẹ kọ ẹ̀yìn sí wọn, gbogbo yín.”

Àwọn àgbàlagbà yí ẹ̀yìn padà bí ọmọ ilé ìwé. Èmi yí padà, ṣùgbọ́n n kò lè dúró bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́, mo gbọ́ ìró ahọ́n nínú omi, mo bojú wẹ̀yìn. Ajá elétí yíya ti ki ẹnu bọ abọ́, ó ń mu, ọ̀fun rẹ̀ ń lọ sókè sódò.

“Òun ni,” ni mo wí, kí n tó mọ̀ pé mo ti sọ ọ́. “Òun ló bù mí jẹ. Ó ń mu omi.”

Ìyá Ìbà wò ó títí ó fi mu ún tẹ́rùn. Ó gbé àdá náà lọ sínú ilé. Bó ti ń kọjá lára mi, ó ní, “Tòní nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́wàá kò tíì pé.”

Òótọ́ ló sọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ó padà sí Ìbà, kò sì sí ẹni tó tún dárúkọ ẹ̀dọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta tó kù ló gùn jù fún mi. Ṣáájú ìgbà náà, mo ní ẹni tí mò ń bá jà. Ní báyìí, kò sí nǹkan kan láti ṣe ju kí n jókòó sórí òkúta, kí n máa wo ọ̀fun ajá. Ọdẹ náà gba Ìyá àgbà nímọ̀ràn pé kí wọ́n gbà mí láyè láti máa gbé omi fún un fúnra mi. Mo máa ń gbé abọ́ náà kalẹ̀, n ó sì sá sẹ́yìn. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, kò dúró kí n sá tán kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún.

Wolé-wolé dé ní ọjọ́ kẹwàá, òun àti kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó wo ajá náà tó ń jẹun. Ó ní kí n na ọwọ́, ó wo ojú ọgbẹ́ mi tó ti ń jiná. “Ó ti parí,” ló wí. Lẹ́yìn náà ló lọ yẹ ìkòkò omi wò, ó sì bá tanwíjí níbẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó rántí ìkòkò fún ọjọ́ mẹ́wàá gbáko.

Ó ti parí fún un. Èmi kò dẹ́kun kíkà. Mo ka ọjọ́ kọkànlá, mo ka ìkejìlá. Ní ọjọ́ kẹrìnlá, ọdẹ náà wá mú àwọn ajá náà lọ sí Òkokomaikò, pé òun yóò máa bèèrè ẹni tó ni wọ́n lọ́wọ́ àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ òun. Ẹni náà kò yọjú rí, wọ́n sì di tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń lọ, inú gbogbo ilé dùn. Èmi nìkan ni mo sunkún. Bàbá apẹja rò pé ìfẹ́ ajá ti wọ̀ mí lára, ó ní, “Ìyàwó mi, ara rẹ ti mọ́ wọn.” N kò jiyàn. Ohun tó ń pa mí lẹ́kún ni pé n kò ní lè rí i mọ́ láàárọ̀ bóyá ó ń mu omi.

Ọdẹ náà máa ń gbé ẹran ìgbẹ́ wá sí ọjà Ọ̀jọ́. Gbogbo ọjọ́ ọjà ni mo máa ń wá a lọ. Mo máa kúnlẹ̀ kí i, n ó sì bèèrè pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ó ṣì ń mu omi?”

“Ó ń mu omi.”

Nígbà tó yá, bó bá ti rí mi lókèèrè, kí n tó kúnlẹ̀ rárá ni yóò ti wí pé, “Ó mu omi láàárọ̀ yìí.” Mo bèèrè bẹ́ẹ̀ fún ohun tó ju ọdún kan lọ. Ní ọjọ́ kan, ó ní ajá náà ti bímọ, ọmọ mẹ́rin, etí gbogbo wọn pé. Mo bi í bóyá àwọn ọmọ náà ń mu omi.

“Omi kẹ̀?” ló wí. “Ọmú ni wọ́n ń mu.”

Mo dúpẹ́, mo sì lọ sílé. Ẹ̀rù bà mí títí di ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e.